Káàdì Alájọ ni Fọ́ọ̀mù Kọ́ọ̀sì: Àlàyé lórí Yúníìtì, Carryover àti Iṣẹ́ Level Adviser

Ìyá kan tó ń rẹ àdìrẹ l'Óṣogbo níbí wá bá mi ní ọ́fíìsì lọ́dún kan, ìka ọwọ́ rẹ̀ ṣì dúdú fún aró. Ọmọ rẹ̀ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kò lè gbójú sókè. Ìyá náà tẹ́ ìwé kan sílẹ̀ níwájú mi. Èsì ìdánwò ọmọ náà ni.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ọmọ yìí ń lọ sí kíláàsì, ó ṣe tẹ́ẹ̀sì, ó ṣe ìdánwò. Olùkọ́ tó kọ́ wọn fẹnu ara rẹ̀ sọ fún un pé 66 ló gbà. Ibo ni 66 náà wà nínú ìwé yìí? Ta ló kó máàkì ọmọ mi?"

Kò sẹ́ni tó kó o. Mo ní kí ọmọ náà mú fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì rẹ̀ wá, èyí tó tẹ̀ jáde látorí pọ́tàlì nígbà tí sẹ̀mẹ́sítà bẹ̀rẹ̀. Kọ́ọ̀sì mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Kọ́ọ̀sì tó ti gba 66 kò sí láàárín wọn. Ọmọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ló bá a forúkọ sílẹ̀. Ó ń wo fọ́ọ̀mù ẹlòmíràn kọ, ó sì fo ọ̀kan. Ọmọ wa kò yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ sí kíláàsì náà láti ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní títí dé òpin, ó jókòó láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó kọ ìdánwò, àmọ́ nínú ìwé ilé-ìwé, kò dé ibẹ̀ rí.

Mo bi ìyá náà bóyá ó ń dá àjọ. Ó ní òun ti ń dá a kí òun tó bí ọmọ yìí. Mo ní, "Bí ẹ bá na owó sí alájọ lójú ọ̀nà, tí káàdì kò sí lọ́wọ́ yín, tí òun náà kò sì kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀, tí oṣù bá wá parí ńkọ́?"

Ó wo ọmọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Owó yẹn ti wọ omi nìyẹn."

Ìdí tí mo fi ń kọ àlàyé yìí nìyẹn. Mo ti ṣe level adviser, olùkọ́ tí wọ́n yàn láti máa tọ́ àwọn ọmọ level kan sọ́nà, fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé-ìwé kékeré, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé nínú àwọn tó sunkún níwájú mi, àwọn tí ẹ̀kọ́ kò yé kò pọ̀ tó àwọn tí ìṣirò ẹ̀kọ́ kò yé. Òṣogbo ti di ìlú akẹ́kọ̀ọ́. Fásitì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, UNIOSUN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, ní olú ọgbà rẹ̀ síbí, ó sì ní àwọn ọgbà mìíràn ní Òkukù, Ìkirè, Èjìgbò àti ibòmíràn. Fountain University, tí ẹgbẹ́ NASFAT dá sílẹ̀ ní 2007, wà nínú ìlú kan náà. Ẹ yà sí Ẹdẹ, ẹ óò bá fásitì aládàáni méjì àti pólì ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀. Nínú ilé púpọ̀, ọmọ tó wà ní fásitì yìí ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ẹbí tó máa dé bẹ̀. Bàbá àti ìyá mọ WAEC dáadáa, wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ní A púpọ̀ ló ṣe dáadáa. Wọ́n rò pé bákan náà ni fásitì rí. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Kí ni yúníìtì gan-an?

Yúníìtì kì í ṣe máàkì. Máàkì ń sọ bí ọmọ ṣe mọ iṣẹ́ náà tó. Yúníìtì ń sọ bí kọ́ọ̀sì náà ṣe wúwo tó, ó sì ti wà lára kọ́ọ̀sì kí ẹnikẹ́ni tó wọ kíláàsì rárá. Bí ẹ bá lọ ra ìrẹsì l'Ọ́jà Ọba, iye kóńgò tí wọ́n wọ̀n fún yín ni yúníìtì. Bí ìrẹsì náà bá mọ́ tàbí ó ní òkúta, ìyẹn ni máàkì.

Wákàtí ni NUC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àwọn fásitì, fi ń wọ̀n ọ́n. Kọ́ọ̀sì tí olùkọ́ ń kọ́ fún wákàtí kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 15, jẹ́ yúníìtì 1. Wákàtí méjì lọ́sẹ̀ jẹ́ 2, mẹ́ta jẹ́ 3. Iṣẹ́ inú láàbù ní òdiwọ̀n tirẹ̀: wákàtí 45 ni wọ́n ń kà sí yúníìtì kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí CHM 107, iṣẹ́ kẹ́mísírì inú láàbù fún àwọn ọmọ ọdún àkọ́kọ́, ìyẹn 100 level, fi jẹ́ yúníìtì 1 péré. Gbogbo ọdún ni àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì máa ń ráhùn fún mi pé àwọn dúró nínú láàbù títí ẹsẹ̀ fi wú nítorí yúníìtì kan. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n nìyẹn.

Ọwọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ni ètò yìí ti wá. Nígbà tí fásitì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, abẹ́ Fásitì Lọ́ńdọ̀nù ló wà, ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń tẹ̀lé: wọn kò fi yúníìtì ka ẹ̀kọ́, ìdánwò ńlá ìparí ni ohun gbogbo rọ̀ mọ́. Fásitì Nsukka tó ṣí ní 1960 ní àjọṣe pẹ̀lú Michigan State University, ibẹ̀ sì ni irú ìṣirò yìí ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo mẹ́nu ba ìtàn yìí nítorí ohun kan: lábẹ́ ìlànà àtijọ́, ẹni tó bá kùnà lè tún odindi ọdún ṣe. Lábẹ́ yúníìtì, èyí tí ọmọ kùnà nìkan ló máa gbé lọ síwájú. Àánú ni wọ́n fi dá carryover sílẹ̀. Àwa la sọ ọ́ di ohun ìtìjú, tí ọmọ fi ń fi pamọ́ fún òbí, tó tún ń fi pamọ́ fún adviser tó yẹ kó ràn án lọ́wọ́.

Ọmọ tó ń ka ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́rin gbọ́dọ̀ kó, ó kéré tán, yúníìtì 120 jọ kó tó lè gboyè. Ẹ̀ka míì ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín sẹ̀mẹ́sítà kan, kò gbọdọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún ohun tó dín ní 15 tàbí tó lé ní 24, àfi bí ilé-ìwé bá fọwọ́ sí i fún un, irú èyí tí wọ́n máa ń ṣe fún ẹni tó kù díẹ̀ kó parí. Nínú gbogbo rẹ̀, 12 jẹ́ ti gbogbo ọmọ fásitì ní Nàìjíríà, ohun yòówù kí wọ́n máa kà: GST 111, GST 112, GST 212, GST 312, ENT 211 àti ENT 312, yúníìtì méjì méjì (GST ni ẹ̀kọ́ gbogboogbò, ENT ni ẹ̀kọ́ ìdásílẹ̀ òwò). Àwọn ọmọ máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú GST. Wọ́n ní kò sí nínú iṣẹ́ àwọn. Mo ti rí ọmọ tó gba A nínú iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, tí kò lè gboyè nítorí GST 112, Àwọn Ènìyàn Nàìjíríà àti Àṣà Wọn.

Ní ìparí 2022 ni NUC gbé ìwé ìlànà tuntun jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní CCMAS. Ó ní kí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún kọ́ọ̀sì ẹ̀ka kan jẹ́ bákan náà ní gbogbo fásitì, kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan sì fi ìdá 30 tó kù ṣe tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi léwu kí ọmọ Òṣogbo máa wo fọ́ọ̀mù ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní Ìlọrin kọ. Ẹ̀ka kan náà ni wọ́n jọ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdá 30 yẹn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Nọ́ńbà ara kọ́ọ̀sì náà ń sọ̀rọ̀, bí ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni level: GST 111 jẹ́ ti 100 level, GST 212 jẹ́ ti 200. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, bí nọ́ńbà ìparí bá jẹ́ 1, 3, 5, 7 tàbí 9, sẹ̀mẹ́sítà kìn-ín-ní ni wọ́n ń kọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ 2, 4, 6 tàbí 8, sẹ̀mẹ́sítà kejì ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí a óò padà sórí rẹ̀. Ẹnu nọ́ńbà ìparí yẹn ni ẹkún ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ìṣirò tó ń da àwọn òbí láàmú

Máàkì 70 sókè ni A, ó jẹ́ póìntì 5. 60 sí 69 ni B, 4. 50 sí 59 ni C, 3. 45 sí 49 ni D, 2. 40 sí 44 ni E, 1. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 40 ni F, òdo ni. Nínú ìmọ̀ ìṣègùn àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, 50 ni ààlà ìyege. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi 40 tàn yín níbẹ̀.

Póìntì yìí ni wọ́n máa ń fi yúníìtì sọ di púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ méjì, kọ́ọ̀sì méjì péré: ọ̀kan jẹ́ yúníìtì 4, èkejì jẹ́ 1. Ọmọ kìn-ín-ní gba A nínú èyí tó wúwo, ó gba D nínú èyí tó fúyẹ́. Póìntì rẹ̀ jẹ́ 20 àti 2, ìyẹn 22. Ẹ pín in sí yúníìtì 5, ó di 4.40. Ọmọ kejì gba D nínú èyí tó wúwo, ó gba A nínú èyí tó fúyẹ́. Póìntì tirẹ̀ jẹ́ 8 àti 5, ìyẹn 13. Ẹ pín in sí 5, ó di 2.60. A kan, D kan ni àwọn méjèèjì mú bọ̀ wálé. Bí ìyá méjì bá jọ ń fi ìwé èsì han ara wọn lójúde, wọ́n á ní ọmọ àwọn jọ ṣe bákan náà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ń lọ sí Second Class Upper, èkejì ń lọ sí Lower.

Èyí tí wọ́n ṣírò fún sẹ̀mẹ́sítà kan ni GPA. Èyí tí wọ́n kó gbogbo sẹ̀mẹ́sítà jọ ṣírò ni CGPA, òun ni oyè dúró lé: 4.50 sókè jẹ́ First Class, 3.50 sí 4.49 jẹ́ Second Class Upper, 2.40 sí 3.49 jẹ́ Lower, 1.50 sí 2.39 jẹ́ Third Class. Ohun kan wà tí àwọn ọmọ fúnra wọn máa ń ṣì ṣe níhìn-ín. Wọ́n á mú GPA méjì, wọ́n á pa wọ́n pọ̀, wọ́n á pín wọn sí méjì. Bí yúníìtì bá dọ́gba, ó lè bọ́ sí i. Bí kò bá dọ́gba, ìṣirò yẹn ń tanni jẹ. Ọmọ tó ní 4.50 nínú yúníìtì 30 lọ́dún kan, tó wá ní 2.50 nínú yúníìtì 48 lọ́dún tó tẹ̀ lé e, á rò pé 3.50 ni òun wà. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ṣe yẹ: 30 lọ́nà 4.50 jẹ́ 135. 48 lọ́nà 2.50 jẹ́ 120. Àpapọ̀ jẹ́ 255. Ẹ pín in sí 78, ó di 3.27. Ó ti wà ní Lower láìmọ̀. Mo ti bá ọmọ pàdé tó gbọ́kàn lé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ títí di ọdún ìparí.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹni tó bá wà ní 100 level. Àwọn ọmọ máa ń sọ pé ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ ọdún ìgbádùn, àwọn á tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú. Yúníìtì 100 level kì í kúrò nínú ìṣirò. Ohun tí ó kó jọ níbẹ̀ ni ó máa gbé rìn títí dé òpin.

Carryover àti ọdún tó ń fà gùn

Ọmọ gba F nínú MTH 101. Kí ló kàn? Á tún un ṣe. Ìgbà wo? Ẹ rántí nọ́ńbà ìparí. MTH 101 jẹ́ ti sẹ̀mẹ́sítà kìn-ín-ní, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n sì máa ń kọ́ ọ ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, pàápàá ilé-ìwé kékeré tí olùkọ́ kò pọ̀. Ọmọ náà á dúró di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tó bá sì di ọdún náà, òun ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ fi í sórí fọ́ọ̀mù. Ọ̀pọ̀ rò pé pọ́tàlì á gbé e síbẹ̀ fún wọn. Ní àwọn ibì kan, ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ibi tí kò bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ tó gbàgbé á lọ jókòó sí kíláàsì lẹ́ẹ̀kejì, á yege, máàkì náà á sì tún wọ omi bíi ti ọmọ aláàdìrẹ yẹn.

F náà kì í parẹ́. Ní ọ̀pọ̀ fásitì wa, ti àkọ́kọ́ àti ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n máa ń kà pọ̀. Bí kọ́ọ̀sì náà bá jẹ́ yúníìtì 3, F mú òdo wá fún yúníìtì 3. Bí ọmọ bá padà wá gba A, ó ní póìntì 15, ṣùgbọ́n yúníìtì 6 ni wọ́n máa pín in sí. 2.50. A tó gbà kò tó C mọ́. Èyí kò túmọ̀ sí pé kó má sapá láti gba A lẹ́ẹ̀kejì. Ó túmọ̀ sí pé C tó bọ́ sọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan sàn ju F tó ń retí àtúnṣe lọ.

Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni kọ́ọ̀sì tó ń ṣílẹ̀kùn fún òmíràn. Kọ́ọ̀sì kan lè wà ní 300 level tí wọn kò ní jẹ́ kí ọmọ ṣe àfi bó bá ti yege nínú èyí tó ṣáájú rẹ̀ ní 200. Ẹni tó kùnà nínú ti 200 kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo ló kùnà, ó ti pàdánù àyè èyí tó tẹ̀ lé e, bóyá àti èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. Kí a tó ṣẹ́jú, yúníìtì 24 tí sẹ̀mẹ́sítà lè gbà kò ní tó mọ́. Ẹ wo ọmọ tó dé ọdún ìparí, tí kọ́ọ̀sì ọdún náà fún sẹ̀mẹ́sítà kìn-ín-ní jẹ́ 18, tó sì ní carryover mẹ́ta tó jẹ́ yúníìtì 3 kọ̀ọ̀kan. 27 nìyẹn. 24 ni òfin gbà. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ kù sẹ́yìn, èyí tó kù yẹn ló ń di spillover, ìyẹn àfikún àkókò lẹ́yìn ọdún ìparí. Nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń kọ́ ọ, kọ́ọ̀sì kan lè jẹ odindi ọdún. Ọ̀rọ̀ NYSC tún wà níbẹ̀: ẹni tó bá ti lé ní ọdún 30 lọ́jọ́ tó gboyè kò lè sìn mọ́, ìwé ìdásílẹ̀ ni wọ́n máa fún un. Fún àwọn tó pẹ́ kó tó wọ fásitì, ọdún kan yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Fífà gùn náà ní òpin. Ìlànà NUC ni pé ọmọ kò gbọdọ̀ lò ju iye ọdún ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti ààbọ̀ rẹ̀ lọ. Ọlọ́dún mẹ́rin, mẹ́fà ló pẹ́ jù.

Bí ọmọ bá ṣàìsàn, tàbí tí owó kò sí, kó má kàn parẹ́. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ tí kò sì ṣe ìdánwò, òdo lè dúró dè é lórí gbogbo kọ́ọ̀sì náà. Lẹ́tà ni kó kọ, pẹ̀lú ìwé dókítà bó bá jẹ́ àìsàn, kó béèrè fún ààyè láti dá ẹ̀kọ́ dúró fún sẹ̀mẹ́sítà kan tàbí ọdún kan, kó sì rí ìdáhùn gbà lórí ìwé. Bákan náà, wíwá sí kíláàsì ṣe pàtàkì: ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìlànà sọ kí ọmọ tó lè jókòó fún ìdánwò. Bí kíláàsì bá jẹ́ 15, kò gbọdọ̀ dín ní 12 tí ó wà níbẹ̀.

Ta ni level adviser, kí sì ni agbára rẹ̀?

Olùkọ́ ni, bíi àwọn olùkọ́ yòókù. Ẹ̀ka ló yàn án kó máa tọ́jú àwọn ọmọ level kan, nígbà míì láti ọjọ́ tí wọ́n wọlé títí wọ́n á fi jáde. Òun ló ní ìwé gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe lọ́wọ́, òun ló máa bu ọwọ́ lu fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì kí HOD, olórí ẹ̀ka, tó fọwọ́ sí i. Bí a bá fi wé àjọ, òun ni ẹni tó yẹ kó mú ìwé alájọ àti káàdì rẹ fẹ̀gbẹ́ kẹ́gbẹ́.

Kò lè yí máàkì padà. Kò lè ṣí pọ́tàlì tó ti tì. Kò lè sọ pé kí wọ́n kọ́ kọ́ọ̀sì kan nítorí ẹnìkan. Mo sọ èyí nítorí pé àwọn òbí máa ń gbé ẹ̀bẹ̀ wá tí kò sí lágbára rẹ̀ rárá. Ohun tó lè ṣe ni kó rí ìṣòro ṣáájú ọmọ, kó sọ fún un pé "mú èyí kọ́kọ́, fi ìyẹn sílẹ̀," kó sì kọ lẹ́tà sí HOD nígbà tí ọmọ bá nílò ààyè àkànṣe. Gbogbo èyí ní àkókò. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ tí pọ́tàlì fi ṣí, àyè wà láti fi kọ́ọ̀sì kún tàbí yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ gbogbo wa ti dè.

Ó yẹ kí n sọ ohun kan tí mo ṣì ń rò títí di òní. Ọdún kan wà tí pọ́tàlì kù ọjọ́ kan kó tì, àwọn ọmọ sì tò sẹ́nu ọ̀nà mi láti àárọ̀. Mo bu ọwọ́ lu fọ́ọ̀mù tó tó ọgọ́ta lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin kan wà lára wọn, ó wà ní 300 level, ó ní carryover kan láti 200 tí kò sí lórí fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó sì ti fi kọ́ọ̀sì tó yẹ kó tẹ̀ lé e síbẹ̀. Bí mo bá ti ṣí ìwé rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, mi ò bá ti rí i. Mi ò ṣí i. Ìgbà tó kù oṣù díẹ̀ kí wọ́n gboyè ni àṣìṣe náà jáde. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà ní ibùdó NYSC nígbà tí òun ṣì ń wọkọ̀ wá sí kíláàsì kan ṣoṣo, láàárín àwọn ọmọ tí ó fi ọdún méjì ṣáájú. Ó kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá rí mi. Ìyẹn ló dùn mí jù. Láti ọdún náà, mi ò bu ọwọ́ lu fọ́ọ̀mù tí ọmọ kò bá mú gbogbo èsì rẹ̀ àtẹ̀yìnwá wá, kí a jọ kà á kọ́ọ̀sì kọ́ọ̀sì. Ó ń pẹ́. Àwọn míì ń bínú sí mi.

Ìdí sì nìyí tí mo fi fẹ́ràn ilé-ìwé kékeré. Lóòótọ́, olùkọ́ kò pọ̀ níbẹ̀, kọ́ọ̀sì àṣàyàn kò sì pọ̀; bí ọmọ mẹ́ta péré bá yan ọ̀kan, wọ́n lè má kọ́ ọ lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n adviser mọ ojú ọmọ, ó mọ orúkọ rẹ̀, nígbà míì ó mọ ilé wọn. Níbi tí ọmọ ti pọ̀ bí eéṣú, wọn kò lè rí irú èyí rà. Ọmọ tó bá ní àǹfààní yìí tí kò lò ó, tó jẹ́ pé ọjọ́ ìbuwọ́lù nìkan ló ń rí adviser rẹ̀, ó ń fi omi odò sílẹ̀, ó ń wá omi kànga. Kó wá nígbà tí ọ̀rọ̀ kò tíì bàjẹ́. Kó wá pẹ̀lú ìbéèrè tó dájú: "Yúníìtì mélòó ni mo ti ní? Mélòó ló kù? Èwo nínú èyí tó kù ni wọ́n ń kọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún? Èwo ló ń dí òmíràn lọ́wọ́?"

Ọ̀rọ̀ owó kò ṣeé fò. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kì í ṣí ojú ewé ìforúkọsílẹ̀ fún ẹni tí kò tíì san owó. Òbí á ní òun á san án kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Ìdánwò jìnnà, pọ́tàlì ló sún mọ́. Fún àwọn tó wà ní ilé-ìwé ìjọba, ètò ẹ̀yáwó NELFUND, tí òfin rẹ̀ jáde ní 2024, máa ń san owó ilé-ìwé tààrà sí ilé-ìwé fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé aládàáni kò sí nínú rẹ̀.

Ẹni tó ti ibòmíràn wá

Ẹni tó ṣe ND, ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ti pólì, ní Ìrèé, tó wá gba Direct Entry wọ 200 level, kò gbé póìntì kankan wá. Òdo ni CGPA rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kódà bó bá jẹ́ Distinction ló ní. Òdiwọ̀n wọn pàápàá yàtọ̀: pólì ń lo póìntì 4, 3.50 ni Distinction ti bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún. 3.50 ní fásitì jẹ́ Second Class Upper, tó bá já díẹ̀ báyìí, ó ti wà ní Lower. Mo ti rí ọmọ tó fọkàn balẹ̀ lórí 3.48 nítorí ó ṣì ń fi ojú pólì wò ó. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tètè béèrè lọ́wọ́ adviser pé GST 100 level wo ni òun gbọ́dọ̀ padà lọ ṣe. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé máa ń béèrè rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ẹni tó ń ti fásitì kan bọ́ sí òmíràn ní tirẹ̀, ọwọ́ ilé-ìwé tó ń gbà á ni iye yúníìtì tí wọ́n máa kà fún un wà. Kí ilé-ìwé àkọ́kọ́ fi transcript, ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo èsì rẹ̀, ránṣẹ́ tààrà sí ìkejì, kí ọmọ náà tún ojú ọ̀rọ̀ ṣe lọ́dọ̀ JAMB, kó sì gba ìdáhùn lórí ìwé, kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, kó tó kó ẹrù. Ọ̀rọ̀ ẹnu pé "a óò ka gbogbo rẹ̀ fún ọ" kò tó nǹkan.

Ọmọ aláàdìrẹ yẹn tún kọ́ọ̀sì náà ṣe ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Kò sí bí wọ́n ṣe lè fi 66 àkọ́kọ́ yẹn fún un. Nígbà tí pọ́tàlì ṣí, òun àti ìyá rẹ̀ jọ wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo sọ pé ọmọ nìkan náà ti tó. Ìyá náà ní kó kọ́kọ́ ka orúkọ kọ́ọ̀sì tó bọ́ lọ́dún tó kọjá. Ó kà á. Ìyá rẹ̀ wá ní kó máa pe yúníìtì yòókù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tó dúdú fún aró kà á lórí tábìlì mi. Ó dúró lórí 21.

Ó ní, "Ó ku mẹ́ta kó kún, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì bu ọwọ́ lù ú.